Èsì: Géèmù bọ́ọ̀lù tó ń já láàárín eré

Àbúrò, fóònù rẹ kọ́ ló bàjẹ́. O ní géèmù bọ́ọ̀lù eFootball máa ń já nígbàkígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kétu bá ti fà. Géèmù náà ò lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ni.

Gba PPSSPP, áàpù ọ̀fẹ́ ni. Ó máa ń ṣí géèmù PSP, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú tó jáde lọ́dún 2004, lórí fóònù, kò sì jẹ mẹ́gà íntánẹ́ẹ̀tì. Bí fóònù rẹ bá ti gbó, fi rendering resolution (bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó) sí 1× kó o tó bẹ̀rẹ̀. Kó o wá àyè sílẹ̀ o, géèmù bọ́ọ̀lù kan lè gba tó 1 GB.

Èmi alára, géèmù Stardew Valley ni mò ń ṣe l'Ájàṣẹ́ níbí. Owó la fi ń rà á. Oko ni wọ́n ń dá níbẹ̀, iṣu sì wà: ọjọ́ 10 inú géèmù péré ló fi ń ta! Mo fi han bàbá mi, wọ́n ní kí n bá àwọn ra ilẹ̀ yẹn díẹ̀. Ẹja pípa ibẹ̀ ló ń bí mi nínú, ẹja ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ṣáá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan ló ń dùn mọ́ ẹ, má rà á, oorun ló máa gbé ẹ lọ.