Ẹ má ṣe bu owó kún ìnáwó fíìmù yín

Arábìnrin wa tó ń gbé ní Atlanta béèrè pé, níwọ̀n bí fíìmù òun kò ti ná òun tó 300,000 dọ́là, ṣé kí òun bu owó lé iye yẹn nínú ìwé tí òun yóò fi forúkọ sílẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ Spirit Awards, tí wọ́n ń fún àwọn fíìmù aládàáni ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n má baà fojú kékeré wò ó. Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má ṣe é. Mo wà lára àwọn tó gbé fíìmù Yorùbá kan jáde ní Houston, àwa náà sì ti gba ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ yẹn kọjá rí.

Film Independent, àjọ tó ń ṣe ètò náà lọ́dọọdún ní Kalifóníà, kì í gba fíìmù tí ìnáwó rẹ̀ bá kọjá 30,000,000 dọ́là. Ṣùgbọ́n wọ́n ya àmì-ẹ̀yẹ John Cassavetes sọ́tọ̀ fún fíìmù tí kò tó 1,000,000 dọ́là, òǹkọ̀wé, olùdarí àti olùgbéjáde ló sì jọ ń gbà á. Cassavetes fúnra rẹ̀, òṣèré àti olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà tó kú ní 1989, a máa kó owó tó bá rí nídìí iṣẹ́ òṣèré sínú fíìmù tirẹ̀, a sì máa ya àwọn kan nínú ilé tí òun àti Gena Rowlands, ìyàwó rẹ̀, ń gbé. Irú yín gan-an ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Bí ẹ bá wá sọ 300,000 di 1,200,000 lórí ìwé, ẹ ti fọwọ́ ara yín ti ilẹ̀kùn náà.

Ìwé ìnáwó tòótọ́ ni kí ẹ múra sí, láti orí owó adójútòfò títí dé oúnjẹ òṣìṣẹ́. Orin ló fi ojú wa rí màbo. Nínú fíìmù wa, fújì kan ń dún lábẹ́lẹ̀ níbi tí ìyá kan ti ń dirun fún ọmọ rẹ̀. Àwọn tó ni orin náà gbà pé kí a lò ó fún àjọ̀dún fíìmù nìkan, ṣùgbọ́n nígbà tí sinimá fẹ́ gbé fíìmù wa, owó tí wọ́n tún béèrè ju iye tí a san fún gbogbo òṣèré tó wà nínú ìran yẹn lọ. A yọ ọ́, a sì pe onídùndún kan wá lu ìlù mìíràn síbẹ̀. Ẹ gba ìwé àṣẹ tó kárí gbogbo ọ̀nà tí ẹ ó gbà fi fíìmù náà hàn kí ẹ tó fi orin kankan sí i.

Ẹ má sì bẹ̀rù pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. The Farewell, tó gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ níbẹ̀ ní 2020, èdè Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ló ń yan àwọn tí yóò díje kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó dìbò, nítorí náà, owó tí ẹ fẹ́ fi ṣe pósítà, ẹ fún ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa kó fi kọ ìtumọ̀ sábẹ́ àwòrán, kí òwe tó wà nínú fíìmù yín lè yé ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí.