Ẹ bi wá: ṣé Abu Hurayrah ò ti sọ hádíìsì jù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nílé kéwú, wọ́n kọ́ wa pé Abu Hurayrah ló sọ hádíìsì (ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì Muhammad) jù nínú gbogbo sàhábà (àwọn ọmọlẹ́yìn tó bá Ànábì gbáyé), 5,374 ni wọ́n ní. Àmọ́ ọdún 7 Hijira (ìṣírò ọdún Mùsùlùmí) ló tó wá bá Ànábì ní Mẹdínà, Ànábì sì kú lọ́dún 11. Ọ̀rẹ́ mi kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní Abubakar tó wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ò sọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Ìbéèrè yín kì í ṣe tuntun o, nígbà ayé ẹ̀ gan-an làwọn èèyàn ti ń sọ ọ́. Òun fúnra ẹ̀ sì fèsì, ó wà nínú Bukhari, ìwé àkójọ hádíìsì: ó ní àwọn tó ṣí wá láti Mẹ́kà, ọjà ló gba àkókò wọn, àwọn ará Mẹdínà ń bá oko wọn yí, èmi aláìní, tí mo bá ti rí nǹkan fi sẹ́nu, ọ̀dọ̀ Ànábì ni mo wà. Ọmọ ẹ̀yà Daws ni, láti Yemen, abẹ́ ibòji mọ́sáláṣí tí wọ́n ń pè ní Suffah lòun àtàwọn tí ò nílé ń sùn.

Ebi yẹn kì í sì í ṣe eré. Ó máa ń so òkúta mọ́ ikùn. Ó jókòó sójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, Abubakar ń kọjá, ó bi í ní ọ̀rọ̀ kan nínú Àlùkùránì, bẹ́ẹ̀ kẹ̀ ó mọ̀ ọ́n, ó kàn fẹ́ kó ní kóun ká lọ jẹun ni (ta ni ò ṣerú ẹ̀ rí?). Abubakar dá a lóhùn, ó bá tiẹ̀ lọ, Umar náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Ànábì dé, wọ́n wo ojú ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wàrà igbá kan ló wà nílé, wọ́n wá ní kó lọ pe gbogbo ará Suffah wá, inú ẹ̀ ò dùn rárá, kí ló máa kù? Gbogbo wọn mu yó, òun náà mu títí ó fi búra pé kò sáàyè mọ́.

Sàhábà ẹgbẹ́ ẹ̀ náà yẹ̀ ẹ́ wò o. Nígbà tó ní ẹni tó bá tẹ̀ lé òkú máa gba kírátì kan (òṣùwọ̀n ẹ̀san ńlá) lẹ́san, Ibn Umar ní ó ti pọ̀ jù, ó ránṣẹ́ sí Aishat, ìyàwó Ànábì, Aishat ní òdodo ni, Ibn Umar bá ní a mà ti pàdánù kírátì púpọ̀.

Ti Abubakar tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, nǹkan bí ọdún méjì péré ló lò lẹ́yìn Ànábì, òun ló di olórí, wàhálà ìjọba àti ogun ló sì fi ṣe. Abu Hurayrah lò ju ogójì ọdún lọ, ó ń kọ́ọ̀yàn. 5,374 yẹn náà, àwítúnwí wà nínú ẹ̀, hádíìsì kan náà tó bá gba ọ̀nà mẹ́ta wá, mẹ́ta ni wọ́n ń kà á sí.