Ẹ fẹ́ ra RAV4 háíbíríìdì tuntun fún òbí yín nílé, báwo lẹ ṣe máa bá dílà Èkó dúnàá dúrà láti òkè òkun

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Houston, ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá á jẹun ọmọ pẹ́. Nítorí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ohun tí wọ́n bèèrè rèé: wọ́n fẹ́ ra RAV4 tuntun fún bàbá wọn tó ti fẹ̀yìntì n'Íbàdàn, dílà kan ní Victoria Island (V.I.) l'Èkó wá fi iye kan ránṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń tà á ní Houston, àbúrò wọn ọkùnrin sì ní òun mọ ẹnì kan tó máa bá wọn já a wálẹ̀. Wọ́n ní ṣé wọ́n fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ ni, ṣé kí àwọn kúkú rà á l'Amẹ́ríkà kí àwọn fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé, àbí kí àwọn dúró di December.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìlọ́po méjì yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bá dílà jà lásán. RAV4 tuntun tí Toyota fi han aráyé ní May 2025 yìí, ẹ ò lè rí èyí tó ń lo epo nìkan nínú ẹ̀ l'Amẹ́ríkà mọ́, gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ háíbíríìdì, ìyẹn èyí tó ń fi bátìrì ńlá ran ẹ́ńjìnnì epo lọ́wọ́, èyí tó kéré jù sì bẹ̀rẹ̀ láti $31,900 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iye ẹ̀ jáde, kí wọ́n tó fi $1,450 owó gbígbé e dé ọ̀dọ̀ dílà lé e. Ká wá ní ó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó ní $36,000, owó ọkọ̀ ojú omi àti ínṣọ́ránsì ojú omi ti wà nínú ẹ̀. Nínú ìṣirò tí Kọ́sítọ́ọ̀mù gbé jáde ní 2022, tíà-rọ́bà ń san owó ibodè 20%, ó tún ń san lẹ́fì NAC, owó tí ìjọba fi kún un nítorí ètò ṣíṣe mọ́tò nílé, 20%. $7,200 lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, ó ti di $50,400. VAT 7.5% lórí gbogbo ẹ̀, $3,780. $54,180 rèé o, a ò tíì ka àwọn owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní CISS àti ETLS, a ò ka owó tó ń lọ ní èbúté, a ò ka rẹ́ǹtì ṣórúùmù ní V.I. àti dísẹ́ẹ̀lì tó ń gbé AC ibẹ̀, dílà náà ò sì tíì jẹ èrè kọ́bọ̀.

Lóòótọ́ dílà tó láṣẹ kì í rà á ní iye tí wọ́n ń tà á fún yín ní Houston, ó máa ń rà á dín, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ ṣe ìṣirò yìí fúnra yín pẹ̀lú iye dọ́là ọjọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó dá wọn lóhùn. Kẹ́ ẹ sì wo ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ń gbà lásìkò tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, torí wọ́n máa ń yí i. Tó bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ ti mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Tí wọ́n bá wá pe iye tó fi $3,000 tàbí $5,000 ju ìyẹn lọ, ẹ lè jókòó sọ̀rọ̀. Tó bá fi $20,000 jù ú lọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ máa lọ.

Lórí pé kẹ́ ẹ rà á níbẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e wálé, mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe, àwọn èèyàn ń ṣe é lójoojúmọ́, PTML, èbúté mọ́tò ní Tin Can l'Èkó, kún fún ẹrù àwọn ará wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ nǹkan méjì. Ọ̀pọ̀ dílà l'Amẹ́ríkà máa ń fún yín ní ìwé fọwọ́ sí lórí mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pé ẹ ò ní gbé e kúrò ní orílẹ̀-èdè láàárín oṣù mélòó kan, tẹ́ ẹ bá gbé e, ìtanràn ń bẹ níbẹ̀, torí náà ẹ ka gbogbo ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú yín. Ìkejì ni wáráńtì. Bátìrì háíbíríìdì Toyota ní wáráńtì ọdún 10 tàbí máìlì 150,000 l'Amẹ́ríkà, ó dáa gan-an, àmọ́ wáráńtì yẹn ò ní bá mọ́tò wọ ọkọ̀ ojú omi. Tí bátìrì bá ní ìṣòro n'Íbàdàn, Bàbá ló ni ín. Ní ti tèmi o, fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí ò ní agbára láti máa wá mẹkáníìkì kiri, màá san owó lé e kí n rà á lọ́wọ́ ẹni tó máa dá a lóhùn nílé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àbúrò yín, ẹ má bínú sí mi. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹnì kan yẹn fẹ́ jẹ níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ náà fẹ́ jẹ, sàlísìmánù pẹ̀lú fẹ́ jẹ, gbogbo wọn á fi tiwọn lé e kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, wọ́n á wá já 2 mílíọ̀nù kúrò lójú yín, ẹ ó sì máa sàdúrà fún wọn. Ẹ gé alágbàtà kúrò. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ máa bá ṣórúùmù sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, kí àbúrò kàn lọ fojú rí mọ́tò, kó ya fọ́tò, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó má dá sí owó rárá. Kẹ́ ẹ sì fún un ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ tó gbámúṣé, ẹ má rán an níṣẹ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń jẹ́ kí èèyàn máa wá tiẹ̀ níbòmíì.

Dílà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn, ó kéré jù. Ẹ rántí pé ẹni tó láṣẹ láti ilé iṣẹ́ àti ẹni tó lọ kó o ní Dubai, ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà bó tiẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò kan náà lẹ rí nínú fọ́tò. Ti Dubai máa ń dín, ṣùgbọ́n wáráńtì tí ẹni yẹn bá fún yín, ẹnu ẹ̀ nìkan ló fi ṣe é. Tẹ́ ẹ bá gbé iye ará Dubai lọ bá ẹni tó láṣẹ pé kó bá a dọ́gba, ó máa rẹ́rìn-ín ni. Àwọn tó láṣẹ ni kẹ́ ẹ fi wé ara wọn, àwọn tó ń kó o wọlé fúnra wọn náà ni kẹ́ ẹ fi wé ara wọn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe iye fún yín lẹ́nu lásán tàbí nínú voice note. Ẹ ní kí wọ́n fi pròfọ́mà ínfọ́ísì, ìwé iye tí wọ́n ń kọ fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó, ránṣẹ́ lórí ìwé ilé iṣẹ́ wọn, kẹ́ ẹ wá fara balẹ̀ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yà rẹ̀, ọdún rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti nọ́ńbà ṣásí tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Tí nọ́ńbà ṣásí ò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí mọ́tò náà má tíì sí lọ́wọ́ wọn, kó jẹ́ owó yín ni wọ́n fẹ́ fi lọ rà á. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá nínú nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ọdún ẹ̀: S ni 2025, T ni 2026. Mò ń sọ èyí torí pé RAV4 háíbíríìdì ti tẹ́lẹ̀ wà, ó lè jẹ́ 2025 (2026 ni ojú tuntun bẹ̀rẹ̀), tíà-rọ́bà náà ni, wọ́n á sọ pé "brand new hybrid" wọn ò sì purọ́, àmọ́ ojú àtijọ́ ni, kò sì yẹ kẹ́ ẹ san owó ojú tuntun fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá VAT. Àwọn kan á kọ iye gàdàgbà sókè, wọ́n á wá kọ "VAT exclusive", ìyẹn pé VAT ò sí nínú ẹ̀, tín-ín-rín sísàlẹ̀. Ká fi 80 mílíọ̀nù ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe pé iye ẹ̀ nìyẹn o, 7.5% ẹ̀ jẹ́ 6 mílíọ̀nù náírà. Ẹ̀yin ti ń jà fún mílíọ̀nù kan látàárọ̀, 6 sì wà nísàlẹ̀ tí ẹ ò rí. Ìlà tí mo kórìíra jù ni èyí tó ní iye lè yí kí wọ́n tó gbé mọ́tò fún yín. Mo mọ ohun tó fà á, àwa tó wà nílé ò tíì gbàgbé June 2023 tí CBN tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 tó wá kọjá ₦1,500 nígbà tó fi máa di 2024, dílà tó ti gba owó kí mọ́tò tó dé jẹ gbèsè ńlá. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ bá wọn gbé e. Mọ́tò tó ti wà nínú ṣórúùmù ni kẹ́ ẹ rà, kí iye náà dúró gbọn-in títí ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì sanwó kí ọjọ́ yẹn tó pé. Tí wọ́n bá tún fẹ́ fi nǹkan kún un, ẹ rán wọn létí pé òfin FCCPA 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà ò gbà kí wọ́n gba owó ju iye tí wọ́n kọ síta lọ.

Lórí iye gangan, ẹ má retí pé wọ́n á já a wálẹ̀ púpọ̀ bí ẹni ń ra àǹkárá ní Gbági. Dílà tó láṣẹ ní iye tí ilé iṣẹ́ là sílẹ̀, sàlísìmánù ò sì lè ṣe ju díẹ̀ lọ lórí ẹ̀ àyàfi tí máníjà bá fọwọ́ sí i, pàápàá fún mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí àwọn olówó ń dù. Ẹ̀ènì ni kẹ́ ẹ lọ fi agbára yín sí, torí àpò ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ìyẹn. Ínṣọ́ránsì àkọ́kọ́ ni. NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ínṣọ́ránsì, ti sọ láti 2023 pé owó kọmpẹríhẹ́ńsífù, ínṣọ́ránsì tó bo mọ́tò yín fúnra ẹ̀, ò gbọdọ̀ dín ní 5% iye mọ́tò, lórí 80 mílíọ̀nù yẹn, 4 mílíọ̀nù nìyẹn! Tí wọ́n bá san ti ọdún kìíní fún yín, ó ju ẹdínwó tí wọ́n á fi ojora ṣe fún yín lọ. Lẹ́yìn ẹ̀, sáfíìsì ọ̀fẹ́, kí wọ́n kọ iye ìgbà àti iye kìlómítà síbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, nọ́ńbà àti ìwé ọkọ̀, kí wọ́n ṣe é ní orúkọ Bàbá tààrà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ tiyín tàbí ti àbúrò, torí àtiyí orúkọ padà tún ń gba owó àti wàhálà. Kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ àti fáyà ẹkisitíńgúíṣà ni wọ́n á kọ́kọ́ fi lọ̀ yín, ẹ gbà á, ẹ má jẹ́ kó parí síbẹ̀.

Ẹ lè kọ ọ́ sí wọn báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ti rí ínfọ́ísì yín, mo ti rí ti àwọn méjì mìíì. Owó wà nílẹ̀, mo lè san kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ jẹ́ kí iye dúró bó ṣe wà pẹ̀lú VAT nínú ẹ̀, kí ẹ fi ínṣọ́ránsì ọdún kan, sáfíìsì àti ìwé ọkọ̀ sí i, mo máa mú àwọ̀ tó bá wà nílẹ̀." Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn lágbára ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Funfun àti dúdú ni gbogbo èèyàn ń wá, èyí tó ṣe bí eérú tàbí aláwọ̀ ewé lè wà nínú ṣórúùmù fún oṣù mẹ́ta, máníjà á fẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Bàbá á ráhùn díẹ̀ pé òun fẹ́ funfun, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún Màmá.

Wọ́n tún máa fi epo dẹ yín. Sàlísìmánù á ṣírò fún yín bí háíbíríìdì ṣe máa dá owó padà láti ìgbà tí súbúsídì ti lọ ní May 2023. Òótọ́ ni fún ẹni tó ń wọ gosíló Third Mainland láàárọ̀ lálẹ́. Bàbá tó ń lọ láti Bódìjà sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ọ̀rẹ́ ò ní jó epo tó bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìṣirò ará Èkó gba owó lọ́wọ́ ará Ìbàdàn. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta èyí tí wọ́n ń kì bọ iná fún un, owó ẹ̀ ju, a ò sì ní bá NEPA ṣàdéhùn lórí mọ́tò. Nǹkan kan tí àbúrò lè ṣe tó wúlò tó bá lọ wò ó: kó tẹ̀ sábẹ́ àga ẹ̀yìn kó wá ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tu bátìrì. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku máa dí i, bátìrì á sì máa gbóná. Kó bi wọ́n níwájú yín, lórí fídíò, bóyá fífọ ibẹ̀ wà nínú sáfíìsì, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ wáráńtì bátìrì sórí ìwé lọ́tọ̀, ọdún mélòó, kìlómítà mélòó.

Owó ò gbọdọ̀ gba àkáǹtì ẹnikẹ́ni àyàfi ti ilé iṣẹ́, kí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì bá èyí tó wà lórí ínfọ́ísì àti èyí tẹ́ ẹ rí lórí sáìtì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, mu. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kó káàṣì wá kí òun lè dín in fún yín, ẹ sá fún un, òfin 2022 lórí fífọ owó ò gbà kí ẹnì kan san ju ₦5 mílíọ̀nù lọ ní káàṣì, ilé iṣẹ́ ò sì gbọdọ̀ kọjá ₦10 mílíọ̀nù.

Ti December: rárá, tẹ́ ẹ bá lè dúró, ẹ jẹ́ kí December kọjá. Ìgbà yẹn ni gbogbo àwọn tó wálé ọdún ń fi dọ́là ra nǹkan, sàlísìmánù ò ráyè yín. January sí March ni ṣórúùmù máa ń dá, èyí tí wọ́n sì kó wọlé ní ọdún tó kọjá á ti di ọdún kan lójú ìwé kó tó di pé ẹnikẹ́ni wà á, ìdí gidi nìyẹn láti béèrè ẹdínwó. Tẹ́ ẹ bá ti gba ínfọ́ísì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ bo nọ́ńbà ṣásí àti orúkọ Bàbá mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e síbí, a jọ máa kà á.