Fèrè Nìkan Kò Tó

Ìbéèrè: Mo ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, Ìbarà ni mo ń gbé, nílùú Abẹ́òkúta. Ọmọ ẹgbẹ́ Scout ni mí nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ni wá. Ní báyìí, ẹgbẹ́ àdúgbò wa ti ń gba ọmọbìnrin, wọ́n sì ti gba ọmọkùnrin kan tí etí rẹ̀ di. Wọ́n ní kí n wá máa yọ̀ǹda ara mi fún wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ó wù mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ṣi ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Kí ló yẹ kí n mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn, bàbá wa. Nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé tí mo ń ṣe, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló máa ń kó ìyọnu bá wa bí kò ṣe ẹni tí ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tán.

Ìyípadà yìí kò ṣàjèjì sí ẹgbẹ́ náà tó bí a ṣe rò. Nígbà tí Baden-Powell, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Scout sílẹ̀, pàgọ́ àkọ́kọ́ ní erékùṣù Brownsea, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1907, ó mọ̀ọ́mọ̀ kó àwọn ọmọ olówó pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́. Lọ́dún 1909, àwọn ọmọbìnrin yọjú síbi àpéjọ Scout ní Crystal Palace, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ ṣe é. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Girl Guides ti rú yọ. Ó di 1991 kí ẹgbẹ́ Scout ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà kí ọmọbìnrin wọ gbogbo ìpele rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí etí rẹ̀ di ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Mo wà ní pápá kan ní ọjọ́ Sátidé kan tí olórí ẹgbẹ́ fun fèrè, tí gbogbo ọmọ sáré lọ tò, àfi ọ̀kan tí ó kọjú sí ọgbà, tí ó ń so okùn rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Wọ́n ti ń pè é ní olóríkunkun kí ẹnìkan tó rántí pé kò gbọ́ fèrè. Bẹ́ẹ̀, àmì wà nínú ẹgbẹ́ yín tẹ́lẹ̀: bí olórí bá na ìka mẹ́ta sókè, ẹni tó bá rí i yóò na tirẹ̀, yóò sì dákẹ́, títí yóò fi kárí. Ẹ jẹ́ kí àmì yìí àti àsíá máa bá fèrè rìn. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí oòrùn mọ́lẹ̀ sí ojú tiyín, kí ó má baà wà lẹ́yìn yín, nítorí ọmọ tó ń wo ètè kò lè rí ètè ẹni tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má pè é ní odi. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ máa pè é, kí ẹ sì ní kí ó kọ́ gbogbo yín bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ ọ́. Òun àti ìyá rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè ohun tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin, okùn kan náà, iná kan náà ni. Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ sísè di tiwọn nìkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ pàgọ́, àgbà obìnrin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí àgọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó, yálà ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú oníduúró wá, ẹ má bínú, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí gbogbo Ìbarà mọ̀.

Òfin náà wà lẹ́yìn ọmọ tí etí rẹ̀ di yìí: èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019 ka yíya àwọn akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, òfin kò lè bá yín ṣètò ìrìn-àjò. Bí ẹ bá ń kó wọn lọ sí Olúmọ, tí ọmọ tí kò lè gun àtẹ̀gùn bá wà láàárín wọn, ẹ béèrè ṣáájú ọjọ́ náà bóyá ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má tíì gba aṣọ ẹgbẹ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ẹ kàn jókòó, kí ẹ sì wo ibi tí ọmọ tí etí rẹ̀ di náà máa ń dúró sí nígbà tí wọ́n bá ń pín iṣẹ́.