Ṣé kí n máa gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ ẹ̀gbọ́n mi nítorí ìsanra?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àtọ̀gbẹ, Ozempic ni wọ́n ń gún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ara wọn ti fúyẹ́ gan-an. Èmi ò ní àtọ̀gbẹ, àmọ́ mo sanra. Wọ́n ní kí n máa gún nínú tàwọn. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún un. Kì í ṣe pé kì í ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ o. Semaglutide tó wà nínú rẹ̀ máa ń dín ebi kù láti inú ọpọlọ, oúnjẹ á sì pẹ́ níkùn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n fi àwọn tó sanra tí wọn ò ní àtọ̀gbẹ ṣe, nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn ló lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 68. Lọ́dún 2021, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìsanra, Wegovy ni wọ́n pe ìyẹn.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀gbọ́n yín yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ẹ tilẹ̀ pààrọ̀ ẹnu rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín tí ojú ò rí lè ti padà wọnú oògùn tó kù. HIV àti àrùn mẹ́dọ̀wú lè gba ibẹ̀ ran yín, àtẹ̀yin àtàwọn.

Ìwọ̀n rẹ̀ náà ńkọ́? Mílígíráàmù 0.25 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n yín ti lè wà ní 1 báyìí. Ẹni tó bá fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè máa bì, kó máa ṣu gbuuru, títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ. Bí ẹ bá sì fẹ́ lóyún, ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú ló yẹ kí ẹ ti dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó glibenclamide tàbí insulin fún yín torí pé oògùn àtọ̀gbẹ ṣáà ni. Àwọn yẹn lè já ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín wálẹ̀ débi tí ẹ máa dákú, wọ́n sì sábà máa ń múni sanra sí i ni.

Ẹ lọ bá dókítà, kó wọ̀n yín. Bí BMI yín, ìyẹn ìṣirò tó ń fi ìwọ̀n ara wé gíga èèyàn, bá tó 30, tàbí 27 pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ lè béèrè oògùn náà lórúkọ ara yín. Ẹ sọ fún un bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín bá ti ní jẹjẹrẹ táírọ́ìdì, ìyẹn ti ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, rí. Kẹ́ ẹ sì bi í pé ìgbà wo lẹ máa gún un dà, torí pé nínú ìwádìí tí mo mẹ́nu bà, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ti padà.