Àgúnmu ìsọ̀yè fún màmá tó ń gbàgbé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi, ẹni ọdún 74, á gbé iṣu kaná, á gbàgbé rẹ̀ títí yóò fi jóná. Wọ́n ní kí n ra àgúnmu ìsọ̀yè fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London náà ti fi ginkgo, oògùn ewé fún ìrántí, ránṣẹ́. Wọ́n ń lo aspirin nítorí ọkàn, wọ́n sì ń lo Piriton lálaalẹ́ kí wọ́n lè rí oorun sùn. Èwo ni kí n fún wọn? (Olùkà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Piriton yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ. Acetylcholine ni ọpọlọ fi ń gbé iṣẹ́ ìrántí kiri, Piriton sì ń dí i lọ́nà. Lára àgbàlagbà, ìyẹn nìkan tó láti da iyè rú. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò pẹ̀lú: tí fítámì B12 bá dín, tàbí tí táírọ́ọ̀dù kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, èèyàn á máa gbàgbé, ó sì ní ìtọ́jú.

Ẹ gbé ginkgo tì. Ní Amẹ́ríkà, àgbàlagbà tó lé ní 3,000 ni wọ́n fi dán an wò, àwọn kan ń lo mílígíráàmù 120 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àwọn yòókù ń lo oògùn òfìfo. Èsì tó jáde ní 2008 ni pé kò dènà àrùn ìgbàgbé. Tó bá sì pàdé aspirin, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà.

Kì í ṣe pé ewé kò lágbára o. Inú òdòdó snowdrop ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí galantamine, oògùn àrùn ìgbàgbé. Rivastigmine, oògùn àrùn ìgbàgbé mìíràn, àwòṣe physostigmine ni, èyí tó wà nínú ẹ̀wà Calabar, esere tí àwọn Efik ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ló bá a lọ. Ohun tó ń pa acetylcholine run nínú ara ni àwọn oògùn yìí ń dá dúró. Ìwọ̀n ló ya oògùn sọ́tọ̀ lára májèlé: mílígíráàmù 1.5 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rivastigmine, wọn kì í sì í fi kún un kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá pọ̀ jù, itọ́ á máa dà, òógùn á bò wọ́n, wọ́n á máa bì, ọkàn á sì máa lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ta ló wọn àgúnmu? Àwọn onímọ̀ ti fi ewé ìyeyè dá ohun tó ń pa acetylcholine run dúró nínú ìgò àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ìgò kò ní ikùn, kò ní ẹ̀dọ̀ tí ewé gbọ́dọ̀ là kọjá kó tó dé ọpọlọ.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa ti ń lo donepezil fún àrùn ìgbàgbé. Ṣé a lè fi ìsọ̀yè kún un? (Olùkà, Ìkẹjà)

ÌDÁHÙN: Rárá. Bíi ti rivastigmine ni iṣẹ́ donepezil, ìsọ̀yè náà sì lè máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Tí wọ́n bá ti mu ìsọ̀yè náà, ẹ fi ìka lé ọrùn ọwọ́ wọn, kí ẹ ka bí iṣan ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan. Tí kò bá pé 50, tàbí tí òyì ń kọ́ wọn, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù, kí ẹ mú ìgò àgúnmu náà dání.