Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ fi ń dí chip tí a fi ń tọ́ bakitéríà?

Ẹ ní E. coli, bakitéríà kan, ń dàgbà dáadáa nínú chip PDMS yín (ohun pẹlẹbẹ kékeré tí a fi rọ́bà sílíkóònù ṣe, tó ní ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà kọjá) ní láàbù n'Íbàdàn, àmọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì mú un dé, afẹ́fẹ́ á ti dí i.

Inú omi oúnjẹ yín gan-an ni afẹ́fẹ́ náà ti ń wá. Omi tútù máa ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ra ju omi gbígbóná lọ. Tí iná bá lọ, chip á tutù; tí iná bá dé, á tún gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí LB (omi oúnjẹ bakitéríà náà) tó ti inú fíríìjì bọ̀ bá dé inú chip tó wà ní 37°C, afẹ́fẹ́ á yọ jáde, á ṣe roboto, á sì há sójú ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju 100 µm (ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà) lọ. Bó bá tú, ó lè gbá bakitéríà yín lọ.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí LB gbóná dé 37°C, kí ẹ fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ tó fà á sínú síríńjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ so pọ́ǹpù síríńjì (ẹ̀rọ tó ń ti omi oúnjẹ láti inú síríńjì wọ chip) mọ́ ìnfátà, kó má baà dúró tí iná bá lọ. Bí omi bá dúró, E. coli tó ń di ìlọ́po méjì ní 20 ìṣẹ́jú á lúwẹ̀ẹ́ padà sínú rọ́bà tí oúnjẹ ń gbà wọlé, á sì di ọ̀yọ̀ síbẹ̀. Rọ́bà tó bá ti ṣú bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi agbára ti omi gba inú rẹ̀: PDMS lè ṣí kúrò lára gíláàsì.